Elégédé, tòmátò eléjò, ejìnrìn àbí igbá tútù: èwo ni kí ẹ mú délé nítorí antioxidant?

Bí ẹ bá bẹ iṣu sílẹ̀ tí ẹ ò tètè dà á sómi, ara rẹ̀ á dúdú. Ìṣó tí òjò pa, á dípẹtà. Epo ẹ̀pà tó pẹ́ jù nínú kẹ́ẹ̀gì, òórùn rẹ̀ á yí padà. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló wà nídìí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tó fara jọ ọ́ ń lọ nínú ara èèyàn lójoojúmọ́, èròjà inú oúnjẹ tó sì ń bá ara dá a lọ́wọ́ kọ́ ni wọ́n ń pè ní antioxidant. Ìdílé elégédé ní in lóríṣiríṣi, àmọ́ kì í ṣe irú kan náà ló wà nínú gbogbo wọn, bẹ́ẹ̀ ni iye rẹ̀ kò dọ́gba. Ẹni tó ń ra nǹkan ọbẹ̀ lọ́jà Ayétòrò nílùú Ẹ̀pẹ́, tàbí tó ní ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ní láti kọ́kọ́ mọ ohun tó ń wá.

Mẹ́rin la ó gbé wò dáadáa níbí: elégédé, tòmátò eléjò, ejìnrìn àti igbá tútù. A ó fẹnu ba gbọ̀rọ̀, úgú àti wọtamẹ́lọ̀n lójú ọ̀nà, torí ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn.

Ohun tí a fi wọ̀n wọ́n

Àkọ́kọ́ ni irú èròjà tó wà nínú wọn. Èyí tó ń fún elégédé ní àwọ̀ pupa rúsúrúsú, tó sì ń pọ́n tòmátò eléjò, ẹ̀yà carotenoid ni: beta-carotene, alpha-carotene, lutein, lycopene. Epo ló ń tú wọn, omi kò rí wọn mú. Fítámì C àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn phenolic, ìyẹn ẹ̀yà antioxidant mìíràn tó wà nínú ewéko, omi ni tiwọn. Ìyàtọ̀ kékeré yìí ló ń sọ bí ẹ ó ṣe sè é, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ilé ti ń pàdánù ohun tí wọ́n fowó rà.

Èkejì ni iye ẹran ara tó ṣeé jẹ lẹ́yìn tí ẹ bá ti bẹ èèpo kúrò. Ẹ̀kẹta ni bó ṣe rọrùn láti rí àti bó ṣe ń pẹ́ sí nílé. Ẹ̀kẹrin ni ewu, nítorí ìdílé yìí ní èyí tó ń ṣe èèyàn ní jàǹbá.

Ẹ ò rí i pé a ò fi nọ́ńbà yàrá àyẹ̀wò sí i. Ìdí wà.

Nọ́ńbà tó ń ṣini lọ́nà

Ẹni tó bá wá àwọn èso wọ̀nyí lórí íntánẹ́ẹ̀tì á bá DPPH, FRAP, IC50 àti total phenolics pàdé: orúkọ àyẹ̀wò tàbí ti èsì rẹ̀ ni wọ́n. DPPH jẹ́ kẹ́míkà tó ní àwọ̀ elése àlùkò. Wọ́n á po omi tí wọ́n fún lára èso mọ́ ọn, wọ́n á gbé e sínú òkùnkùn, nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, wọ́n á wá fi ẹ̀rọ wo iye ìmọ́lẹ̀ tó ń gbé mì ní 517 nanómítà. Bí èròjà inú èso bá lágbára, àwọ̀ yẹn á ṣá di ìyeyè. IC50 ni ìwọ̀n èso tó máa pa ìdajì àwọ̀ náà. Èyí tó kéré ló lágbára jù, torí díẹ̀ rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ púpọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń kà á sódì, tí wọ́n ń ro pé nọ́ńbà ńlá ló dára.

Ẹ tún wo bóyá èso tútù ni wọ́n wọ̀n àbí gbígbẹ. Nínú 100 gíráàmù elégédé tútù, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 92. Bí wọ́n bá gbẹ ẹ́ tí wọ́n lọ̀ ọ́, gíráàmù 8 péré ló kù. Nọ́ńbà tó bá jáde lára 100 gíráàmù ìyẹ̀fun á fi nǹkan bí ìlọ́po méjìlá ju ti tútù lọ, bẹ́ẹ̀ èso kan náà ni. Ẹni tó bá gbé ìyẹ̀fun ejìnrìn síwájú yín tó ń fi í wé elégédé tútù, ọ̀rọ̀ ọjà ló ń sọ.

Methanol ni wọ́n sì sábà máa ń fi fún èròjà jáde ní yàrá àyẹ̀wò. Kò sẹ́ni tó ń fi methanol se ọbẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Àyẹ̀wò Folin-Ciocalteu tí wọ́n fi ń ka phenolic ní tirẹ̀ tún máa ń ka fítámì C àti àwọn ṣúgà kan mọ́ ọn, nítorí náà èso tó kún fún fítámì C lè dà bí ẹni pé phenolic rẹ̀ pọ̀. Lọ́dún 2012, ilé iṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ìjọba Amẹ́ríkà yọ àtẹ ORAC tirẹ̀, tó jẹ́ èsì irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ mìíràn, kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìgò kò sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ nínú ara, àwọn oníṣòwò sì ti sọ ọ́ di ìpolówó.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀kan sí i kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa. Ní Finland, wọ́n fún àwọn ọkùnrin tó ń mu sìgá ní 20 mílígíráàmù beta-carotene oníhóró lójoojúmọ́. Àwọn tó wà nínú ìwádìí náà lápapọ̀ lé ní 29,000. Nígbà tí èsì jáde lọ́dún 1994, àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró pọ̀ sí i ní ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín àwọn tó lo hóró náà. Beta-carotene inú oúnjẹ kò ní irú ìtàn yìí. Nítorí náà, inú ìkòkò ni kí ẹ ti wá antioxidant, ẹ fi hóró sílẹ̀.

Elégédé

Òun la kọ́kọ́ mú, òun náà la ó sì pẹ́ lórí rẹ̀ jù, torí òun ló rọrùn jù fún ilé púpọ̀.

Nínú àtẹ oúnjẹ Amẹ́ríkà, 100 gíráàmù elégédé tútù ní beta-carotene tó tó 3.1 mílígíráàmù, alpha-carotene tó tó 4, àti fítámì C mílígíráàmù 9. Àwọn carotene yìí, tí ara bá sọ wọ́n di fítámì A, tó nǹkan bí 426 máíkírógíráàmù. Obìnrin àgbàlagbà nílò 700 lóòjọ́, ọkùnrin 900. Nítorí náà, abọ́ kékeré kan, tó jẹ́ nǹkan bí 170 gíráàmù, ti tó obìnrin fún ọjọ́ kan. Ti àdúgbò wa lè ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì lè dín: àwọ̀ inú rẹ̀ ni kí ẹ wò. Èyí tí inú rẹ̀ ràn bí ẹyin adìẹ ìbílẹ̀ ló ní carotene dáadáa. Èyí tó funfun ràndánràndán, ẹ fi sílẹ̀ bó ti wù kó tóbi tó.

Odindi ni ẹ fẹ́ rà? Ẹ fi èékánná tẹ èèpo rẹ̀. Bí èékánná bá wọlé, ó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, àwọ̀ inú rẹ̀ kò tíì gbó. Ẹ gbé e wò: kó wúwo ju bí ẹ ṣe rò lọ. Kí ìdí ẹ̀ka rẹ̀ ṣì wà lórí, ó kéré tán bí ìka méjì, torí ibi tí wọ́n ti fa ìdí yìí yọ ni ìjẹrà máa ń gbà wọlé. Bí wọ́n bá ti là á sí ègé, ọ̀rọ̀ ti rọrùn, ojú yín ló máa yàn án.

Ní ti owó, ẹ má fi iye tí odindi tẹ̀wọ̀n ṣírò. Ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń bá èèpo, ìdí àti kóró lọ. Bí ẹ bá ra kílò 4, kílò 2.8 lẹ máa sè. Iye tí ẹ rà á, ẹ pín in sí 2.8, kí ẹ tó fi wé nǹkan mìíràn. Síbẹ̀ ó sábà máa ń borí, torí kóró rẹ̀ kì í ṣe ìdọ̀tí: ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a, ẹ yan án. Ẹ̀yà fítámì E kan tó ń jẹ́ gamma-tocopherol wà nínú rẹ̀, zinc inú 100 gíráàmù gbígbẹ rẹ̀ sì tó mílígíráàmù 7.8. Ewé rẹ̀ ni gbọ̀rọ̀ tí ẹ mọ̀, òun náà ní lutein nínú àwọ̀ ewé rẹ̀.

Ó tún kan sísè. Ẹ gé e sí bí ìka méjì níbùú, ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó gé e, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀, torí fítámì C ń bá omi lọ láti ojú tí ọ̀bẹ là. Omi díẹ̀ lẹ ó fi sí i, kí ẹ dé e, ìṣẹ́jú 12 sí 15. Lẹ́yìn náà ni epo: gíráàmù 3 sí 5 nínú oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan ti tó kí ara lè gba carotene, ìyẹn bíi ṣíbí tíì kan fún abọ́ ẹnì kan. Ẹ da epo ẹ̀pà tó mọ́ sínú páànù, ẹ kó elégédé sí i, ẹ má kúrò níbẹ̀. Kó tó pé ìṣẹ́jú márùn-ún, epo tó mọ́ kedere yẹn á ti di ìyeyè. Carotene ló ti jáde kúrò nínú elégédé bọ́ sínú epo yẹn. Ẹni tó bá wá sẹ́ epo yẹn dànù, ohun tó ń wá gan-an ló dà sẹ́yìn ilé. Epo pupa tún dára ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí òun fúnra rẹ̀ ní carotene, 50 sí 70 mílígíráàmù nínú 100 gíráàmù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dá a sórí iná títí pupa rẹ̀ fi ṣí bí ẹni tó fẹ́ se ọ̀fadà, carotene rẹ̀ ti jó lọ.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́: sísá sóòrùn. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń pa carotene. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìyẹ̀fun elégédé, kó rẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kó sá a sábẹ́ ìbòòji tí atẹ́gùn ń fẹ́, kó sì kó ìyẹ̀fun náà sínú ike tí ìmọ́lẹ̀ kò lè là kọjá. Ìyẹ̀fun inú ọ̀rá tó mọ́ gaara tí wọ́n gbé kọ́ sójú ṣọ́ọ̀bù, bí àwọ̀ rẹ̀ bá ti ṣá, ẹ̀kọ lásán ni. Odindi elégédé lè wà fún oṣù kan sí méjì níbi gbígbẹ tí atẹ́gùn ń gbà kọjá. Èyí tí ẹ bá ti là, ẹ yọ kóró rẹ̀, ẹ wé e, ẹ fi sí fíríìjì, ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún.

Tòmátò eléjò

Èso gígùn yìí ń ṣẹ́ bí ejò lórí ọgbà, á ní ìlà funfun lára aláwọ̀ ewé rẹ̀, tó bá gbó á pọ́n. Ẹran pupa tó yí kóró rẹ̀ ká la ń jẹ, òun làwọn àgbà ń fi se ọbẹ̀ nígbà tí tòmátò bá wọ́n. Àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn ní Obafemi Awolowo University ní Ilé-Ifẹ̀ ti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, wọ́n sì bá lycopene, fítámì C, flavonoid àti phenolic nínú ẹran rẹ̀. Lycopene yìí kan náà ló ń pọ́n tòmátò, tó jẹ́ nǹkan bí 2.6 mílígíráàmù nínú 100 gíráàmù tútù, àti wọtamẹ́lọ̀n, tó tó 4.5.

Iná kì í ṣe ọ̀tá lycopene. Tí ẹ bá sè é pẹ̀lú epo, ara á gbà á ju tútù lọ. Ọbẹ̀ dín-ín-dín gan-an ni ilé rẹ̀.

Ohun tó dùn mọ́ni nínú rẹ̀ ni pé kì í kan bíi tòmátò, nítorí náà ikùn tí tòmátò ń ta lè gbà á. Ohun tó burú sì ni pé kì í kan bíi tòmátò. Ẹ má gbé e sínú ìgò kí ẹ fi pamọ́ sórí tábìlì bí àwọn kan ṣe ń ṣe tòmátò tí wọ́n ti sè, torí ìkan yẹn ló ń dá kòkòrò àìrí dúró. Fírísà ni kí ẹ fi í sí. Èso tó ti pọ́n tán kì í ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ kó tó là fúnra rẹ̀.

Ẹ là á ní gbọọrọ, ẹ fi ṣíbí ha ẹran pupa náà pẹ̀lú kóró, ẹ fi asẹ́ yọ kóró. Èèpo èso tó gbó le, ẹ má wulẹ̀ gbìyànjú rẹ̀. Ohun tó máa kù á kéré sí bí èso ṣe gùn lójú.

Wàhálà ńlá rẹ̀ ni pé ẹ ò ní fi bẹ́ẹ̀ rí i lọ́jà. Ẹ ní láti gbìn ín. Nígbà òjò àkọ́rọ̀ ni kí ẹ ki kóró mẹ́ta mẹ́rin sínú ihò, kí ẹ wá fi méjì tó lágbára sílẹ̀. Kí ọgbà tó máa gùn ga tó mítà méjì, kí èso lè rọ̀ wálẹ̀ tààrà. Òdòdó funfun rẹ̀ onífọ́nrán máa ń ṣí lálẹ́, labalábá òru ló ń gbé ìyẹ̀ rẹ̀ kiri. Ẹni tó bá ń fín oògùn kòkòrò nírọ̀lẹ́ á rí òdòdó púpọ̀, kò ní rí èso. Eṣinṣin èso sì máa ń gún ọmọ rẹ̀ láti yé ẹyin sí i; bébà ìwé ìròyìn tí ẹ bá wé mọ́ èso láti kékeré ń gbà á là.

Ṣé ó tó wàhálà rẹ̀? Fún ẹni tó nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́dún 2016 tí kòkòrò Tuta absoluta run oko tòmátò ní Kàdúná, owó tòmátò fò sókè káàkiri ìpínlẹ̀ wa. Ọgbà méjì tòmátò eléjò lẹ́yìnkùlé kò mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀ ní Kàdúná.

Ejìnrìn

Kì í ṣe ìlú Ejìnrìn tó wà létí ọ̀sà nítòsí Ẹ̀pẹ́ là ń sọ o. Ewé kíkorò tó ń fà lórí ọgbà àti lórí ààtàn ni, èyí tí èso rẹ̀ ń là tí kóró pupa fi ń yọjú.

Bó bá jẹ́ fítámì C nìkan la fi ń díje, òun ló gba ipò kìíní: èso tútù ti àwọn ará Éṣíà ní mílígíráàmù 84 nínú 100 gíráàmù, ọ̀mùnú ewé rẹ̀ 88. Ọsàn òyìnbó kò ju bíi 53 lọ. Àwọn phenolic bíi gallic acid, catechin àti chlorogenic acid wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, ìyẹn ló fi máa ń dá yàtọ̀ nínú àyẹ̀wò DPPH. Ẹran pupa ara kóró rẹ̀, tí àwọn ọmọdé máa ń lá, lycopene ló pọ́n ọn.

Ṣùgbọ́n ta ló lè jẹ 100 gíráàmù ejìnrìn? Nǹkan tó korò tó bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn á bọ̀ ọ́, wọ́n á da omi rẹ̀ nù, wọ́n á tún bọ̀ ọ́. Omi aláwọ̀ ewé tí wọ́n dà nù yẹn ni fítámì C àti phenolic bá lọ. Èyí tó kù kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀fọ́ mìíràn. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó ní láárí, ẹ fi iyọ̀ pa á fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ ṣan án lẹ́ẹ̀kan, ẹ dà á sínú epo tó ti gbóná pẹ̀lú àlùbọ́sà, ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó tó.

Kò yẹ gbogbo èèyàn. Ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ bíi metformin tàbí glibenclamide, ejìnrìn lè bá oògùn yẹn fa ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ jù. Ìgbọ̀nrìrì, òógùn tútù àti òòyì ni àmì rẹ̀. Aláboyún kò gbọdọ̀ mu àgbo rẹ̀. Kóró rẹ̀ ní vicine, tó lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ pupa ẹni tí G6PD rẹ̀, èròjà tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ pupa, kò tó, àìtó yìí sì pọ̀ nínú ìran wa. Ẹ má fún ọmọdé ní kóró rẹ̀.

Igbá tútù

A ò ní pẹ́ níbí. Igbá tí kò tíì gbó, tí èékánná wọ èèpo rẹ̀, oúnjẹ ni ní Íńdíà. Omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó lé ní ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún. Fítámì C rẹ̀ jẹ́ mílígíráàmù 10, carotene rẹ̀ kò tó nǹkan. Ó dára fún ẹni tó fẹ́ kún ikùn láìsanra. Nítorí antioxidant, rárá.

Irú tí wọ́n ń gbìn fún ahá àti kèrègbè lọ́dọ̀ wa kì í ṣe irú tí wọ́n yàn fún jíjẹ, ó sì lè korò. Kíkorò yẹn ni cucurbitacin, májèlé tí iná kì í pa. Ní Jámánì lọ́dún 2015, bàbá ẹni ọdún 79 kan kú lẹ́yìn tó jẹ zucchini inú ọgbà ilé tó korò. Ìbátan elégédé ni zucchini. Nítorí náà, kí ẹ tó gé igbá tàbí elégédé sínú ìkòkò, ẹ gé bí èékánná ọmọ-ìka kan, ẹ fi kan ahọ́n, ẹ tutọ́ rẹ̀. Bó bá korò, ẹ sin gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Iyọ̀ àti ata kì í ṣe oògùn rẹ̀.

Ta ni kó mú èwo?

Ilé tó ní ọmọdé àti aláboyún: elégédé tí inú rẹ̀ ràn, pẹ̀lú ṣíbí epo kan, lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Bí ẹ bá ra ẹja lọ́jà Olúwo, ẹja ọlọ́ràá ti gbé ọ̀rá tó tó wá, ẹ lè má fi epo sí i mọ́.

Ẹni tí owó tòmátò ń dà láàmú, tó ní ilẹ̀ tó tó gbàgede kékeré: tòmátò eléjò. Ẹni tó ń gbé yàrá kan tí kò ní ibi gbìn nǹkan, tó sì fẹ́ lycopene, kó ra wọtamẹ́lọ̀n. Kó má gbé odindi rẹ̀ sí fíríìjì. Lycopene inú rẹ̀ ṣì máa ń pọ̀ sí i lẹ́yìn tí wọ́n bá já a, bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ níta. Ọjọ́ tó bá là á ló máa gbé e sínú òtútù.

Ẹni tí ara rẹ̀ le, tí kò lo oògùn kankan, tó sì fẹ́ràn kíkorò: ejìnrìn, díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, kó kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀; títí dìgbà náà, kó jẹ gbọ̀rọ̀ tàbí úgú, kó gé e lẹ́yìn tó bá ti fọ̀ ọ́, kó sì dà á sínú ọbẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó sọ ọ́ kalẹ̀.

Igbá tútù, ẹni tó bá rí irúgbìn tí wọ́n dìídì ń tà fún jíjẹ ni kó gbìn ín. Èyí tó hù fúnra rẹ̀ lórí ààtàn, ẹ fi sílẹ̀ kó gbó, ẹ fi ṣe ahá.